Tó Bá Kó Àwọn Ọmọ Jáde Lóru, Ibo Ló Ń Lọ?

Ìbéèrè kan wà tó ti sú mi pátápátá. Ìgbàkígbà tí ìròyìn bá jáde pé ọkùnrin kan ti lu ìyàwó ẹ̀ débi tó fi dákú, tàbí pé obìnrin kan ti ti ibi lílù kú sílé ọkọ, kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú àwọn èèyàn á ti máa bèèrè pé kí ló dé tí kò fi kúrò níbẹ̀, kí ló ń wá níbẹ̀ látọjọ́ yìí, ṣé wọ́n so ó mọ́lẹ̀ ni? Mi ò fẹ́ bá àwọn tó ń bèèrè jà o, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn, inú ló ń bí wọn, ó sì yẹ kó bí èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó wò. Aago kan òru ti lù, ẹnu obìnrin yìí ń ṣẹ̀jẹ̀, ọmọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀, èyí àgbà ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, èyí tó kéré jù ṣì wà lẹ́yìn, fóònù ẹ̀ wà lọ́wọ́ ọkọ, káàdì ATM ẹ̀ náà wà lọ́wọ́ ọkọ, wọ́n ti ti géètì àdúgbò láti aago mọ́kànlá. Ó dáa, ó ti jáde báyìí. Ibo ló ń lọ?

Ilé àwọn òbí ẹ̀ ni gbogbo wa máa kọ́kọ́ sọ. Tó bá wá jẹ́ pé Ìjẹ̀bú-Igbó làwọn òbí ẹ̀ wà tó sì jẹ́ pé Ìpájà lòun ń gbé ńkọ́? Tó bá tiẹ̀ débẹ̀, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Màmá á sunkún, wọ́n á fi omi gbígbóná tẹ ojú ẹ̀ tó wú, wọ́n á wá oúnjẹ fáwọn ọmọ, tó bá wá di ọjọ́ kẹta wọ́n á ránṣẹ́ pe àwọn àgbà ẹbí, ọkọ á kó ọ̀rẹ́ méjì lẹ́yìn, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ní iṣẹ́ Èṣù ni, àwọn àgbà á wá kọjú sí ọmọ wọn pé ṣé ìwọ náà rí i báyìí, ó ti bẹ̀bẹ̀, kò sílé tí wọn kì í ti í jà, ahọ́n àti eyín gan-an ń jà, torí àwọn ọmọ ẹ, máa bá ọkọ ẹ lọ. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn ẹ̀. Ohun tí wọ́n bá nílẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, ẹ̀rù sì ń ba òmíì nínú wọn pé wọ́n á máa pe ọmọ òun ní dálémosú, wọ́n á máa fi ṣe ẹlẹ́yà níbi ìpàdé ẹbí.

Ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́, mọ́ṣáláṣí ńkọ́? Mo mọ pásítọ̀ tó fi mọ́tò ara ẹ̀ gbé obìnrin lọ sọ́sibítù láàjìn, mo sì mọ èyí tó ní kí obìnrin gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje kí Ọlọ́run lè fọwọ́ kan ọkàn ọkọ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ oríire ni, ẹni tó bá bá pàdé ni.

Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe kárí Nàìjíríà ní 2018, èyí tí wọ́n ń pè ní NDHS, sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 49, 31 ni wọ́n ti lù tàbí fi ìyà jẹ lára rí látìgbà tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 15. Èyí tó ká mi lára jù ni pé ó ju ìdajì àwọn tí ojú wọn ti rí irú ẹ̀ tí wọn ò wá ìrànlọ́wọ́ kankan rárá, àwọn tó sì wá a, ọ̀dọ̀ ẹbí wọn lọ̀pọ̀ nínú wọn gbé e lọ. Ẹbí yẹn kan náà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹ̀ tán.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ìrànlọ́wọ́ tó wà fáwọn obìnrin yìí àtàwọn ọmọ wọn ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ, ní Èkó níbí pàápàá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fara tó kún fún ọgbẹ́, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, máa tọ ọ́fíìsì kan dé òmíì tí ò bá ní ẹni tó ń bá a rìn. Kì í ṣe ẹni tó máa gbà á nímọ̀ràn. Ẹni tó máa bá a wọ bọ́ọ̀sì, tó máa di ọmọ mú, tó máa jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì níwájú ọlọ́pàá.

Àbúrò mi obìnrin ló jẹ́ kí n mọ gbogbo èyí. Ó ti ní kí n kọ ọ́, ó sì sọ ibi tí mo gbọ́dọ̀ dé àti ibi tí mi ò gbọ́dọ̀ dé. Ọkọ ẹ̀ ò fi lílù bẹ̀rẹ̀. Owó ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìyàwó òun ò gbọdọ̀ máa jókòó sọ́jà kí oòrùn máa pa á, a rò pé ìfẹ́ ni, gbogbo wa ń yọ̀, bó ṣe ti ṣọ́ọ̀bù tó ń ta aṣọ ọmọdé pa nìyẹn. Lẹ́yìn ẹ̀ ó di pé owó oúnjẹ, ojoojúmọ́ ló ń kà á fún un, ó di pé kó wá máa sọ ohun tó fi náírà igba ṣe. Ó kan fóònù. Ó kan àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ó kan èmi, ó ní mò ń kọ́ ìyàwó òun ní ìkọ́kúkọ̀ọ́, kí n má wá sílé àwọn mọ́. Ìgbà tọ́wọ́ fi máa wá kan ojú, kò sẹ́nì kankan nítòsí ẹ̀ mọ́, àwọn ará ilé tí wọ́n jọ ń gbé sì ń gbọ́ igbe lóru, kálukú ń yí tẹlifíṣọ̀n sókè. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò burúkú, ká tètè sọ fún un, torí hẹ̀rẹ̀huru ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Wọ́n gbọ́ hẹ̀rẹ̀huru yẹn dáadáa, wọ́n kàn ń pè é ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni.

Nọ́ọ̀sì kan ló gbà á sílẹ̀. Ó lọ rán ibi tó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹ̀ ní ọsibítù ìjọba, ọkọ ẹ̀ tẹ̀ lé e, ó dúró tì í gbágbáágbá, ó ń bá a dáhùn gbogbo ìbéèrè, pé ó ṣubú ní bálùwẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì yẹn ní kí gbogbo ẹni tí kì í ṣe aláìsàn bọ́ síta, ó ti ilẹ̀kùn, ó wá rọra bi í pé ṣé bálùwẹ̀ yẹn náà ló tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn? Àbúrò mi ní òun ò mọ ìgbà tóun bú sẹ́kún. Wọ́n pe sọ́ṣíà wọ́kà ọsibítù, wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n rí lára ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n bá a pè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dọ́kítà tó bá ń ka èyí, ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ bá tì fún ìṣẹ́jú márùn-ún lè jẹ́ gbogbo ohun tí obìnrin kan nílò. Ìwé tẹ́ ẹ kọ lọ́jọ́ yẹn náà sì ni kóòtù máa bèèrè lẹ́yìn, nígbà tọ́gbẹ́ ti jinná tán tí ọkọ ń sọ pé òun ò fọwọ́ kàn án rí.

Láti ibẹ̀ a gba tẹ́ṣàn lọ. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ọlọ́pàá tó wà ní káńtà wo àbúrò mi lókè nílẹ̀, ó ní, "Màdáàmù, kí lẹ ṣe fún un ná?" Ó ní ẹjọ́ tọkọtaya ni, pé tóun bá ti ọkọ ẹ̀ mọ́lé lónìí, ọ̀la ni àbúrò mi fúnra ẹ̀ máa gbé oúnjẹ wá fún un, á tún máa bẹ àwọn kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ká sòótọ́, irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, àwọn ọlọ́pàá ò parọ́ níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ìdí. Obìnrin tó jẹ́ pé ọkùnrin yẹn ló ń san owó ilé àti owó ilé ìwé, tí wọ́n bá ti ọkọ mọ́lé lọ́jọ́ Ajé, ta ló máa fún àwọn ọmọ lóúnjẹ lọ́jọ́ Ọjọ́rú? Ebi ló ń fa ẹjọ́ yẹn kúrò nílẹ̀, àwọn èèyàn á wá máa sọ pé obìnrin ò mọ ohun tó fẹ́.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí sọ́ṣíà wọ́kà fún wa ní nọ́ńbà àjọ tí ìjọba Èkó gbé kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìwà ipá abẹ́lé àti ìfipábánilòpọ̀, DSVA. Ọdún 2014 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ikọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní DSVRT, ní 2021 ni wọ́n wá fi òfin sọ ọ́ di àjọ tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Obìnrin tó gbé fóònù, ohun àkọ́kọ́ tó bèèrè ni, "Ṣé ibi tẹ́ ẹ wà báyìí ò léwu, ma? Àwọn ọmọ dà?" Kò bèèrè ohun tó ṣe fún un. Wọ́n pe tẹ́ṣàn yẹn. Káńtà kan náà, ọlọ́pàá kan náà, ó wá ń fa àga fún wa pé ká jókòó. Mo ronú lórí ẹ̀ títí. Òfin tó wà lọ́jọ́ kejì ló ti wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohun tó yàtọ̀ ò ju pé ẹnì kan tí wọn ò lè lé dànù ti dúró tì í lọ.

Òfin yẹn fúnra ẹ̀, 2007 ni Èkó ti ṣe é, ìyẹn òfin tó ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ìwà ipá abẹ́lé. Mo fẹ́ káwọn obìnrin mọ ohun tó wà níbẹ̀ torí ọ̀pọ̀ rò pé àfi tí eegun bá ṣẹ́. Òfin yìí ka lílù, ó ka ìfipábánilòpọ̀, ó ka ìhàlẹ̀ àti èébú tó ń ba ọkàn jẹ́, ó ka kí èèyàn máa tọ ẹlòmíì lẹ́yìn kiri, ó sì ka fífi owó jẹ èèyàn níyà. Ohun tí wọ́n ṣe fún àbúrò mi ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó na ọwọ́ sí i, ó ti wà nínú òfin. Obìnrin lè lọ sí kóòtù lọ gba àṣẹ ìdáàbòbò, kóòtù lè sọ pé ọkọ ò gbọdọ̀ wọ ilé tí wọ́n jọ ń gbé, tàbí pé kò gbọdọ̀ dé ibi iṣẹ́ ẹ̀, ó lè ní kó mú owó wá fún ìtọ́jú. Ó tún fàyè gbà á pé kí ẹlòmíì bá a gbé e lọ sí kóòtù, bíi tíṣà, nọ́ọ̀sì, sọ́ṣíà wọ́kà, tó bá ti fọwọ́ sí i. Kò sì dìgbà tó bá fẹ́ kọ ọkọ sílẹ̀ kó tó gba àṣẹ yẹn. Ìkọ̀sílẹ̀ lọ́tọ̀, ààbò lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá tí ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ sétí lè fara mọ́ èyí tí wọ́n bá ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn báyìí.

Kó tó di pé ìjọba dá sí i, àwọn obìnrin kan ti ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Project Alert bẹ̀rẹ̀ ní 1999, Josephine Effah-Chukwuma ló dá a sílẹ̀, ní 2001 ni wọ́n ṣí Sophia's Place ní Èkó, ilé tí obìnrin tí wọ́n ń lù lè sá sí. Ẹ fojú inú wo bí nǹkan ṣe rí ṣáájú ìgbà yẹn. Ní 2013, Itoro Eze-Anaba àtàwọn èèyàn ẹ̀ ṣí Mirabel Centre sínú ọsibítù LASUTH n'Íkẹjà, fáwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ibẹ̀, àwọn ọmọdé tí wọ́n sì ń gbé wá síbẹ̀ pọ̀ gan-an. WARIF tí Dókítà Kemi DaSilva-Ibru dá sílẹ̀, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn náà, wà ní Yábàá. FIDA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn obìnrin lọ́yà, ń bá èèyàn ṣe ẹjọ́, OPD tó jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ náà ń bá tálákà rojọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé kò sí nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ ilé ààbò, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn máa ń fojú inú wò pé wàhálà ti parí. Kò sẹ́ni tó ń mọ ibi tó wà, bẹ́ẹ̀ náà ló sì yẹ kó rí, torí ìgbà tí obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé gan-an lewu jù, ìgbà yẹn lọ́pọ̀ ọkùnrin máa ń ṣe ohun tí wọn ò ṣe rí. Wọn ò ní jẹ́ kó máa lo fóònù bó ṣe wù ú, kò ní gba àlejò, kò ní sọ fún ìyá ẹ̀ gan-an. Àwọn ọmọ á máa bèèrè pé ìgbà wo là ń lọ sílé, báàgì ìwé mi wà nílé, ajá mi wà nílé. Ilé ààbò míì kì í gba ọmọkùnrin tó bá ti ń bàlágà, kí àwọn obìnrin yòókù tó wà níbẹ̀ lè fọkàn balẹ̀, mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá wo ló máa fi ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìnlá sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá yẹn? Ó máa padà síbẹ̀ nítorí ẹ̀ ni. Lójú tèmi, ibi tí wọ́n ti lè gba ìyá àti gbogbo ọmọ ẹ̀ pọ̀ ló yẹ kí ìjọba kọ́kọ́ náwó sí, kódà kó jẹ́ yàrá kékeré kékeré tó ní ìlẹ̀kùn tiẹ̀.

Ibi tó wá le jù lọ ni ọjọ́ tí obìnrin bá kúrò ní ilé ààbò. Ẹ ò lè gbé ibẹ̀ títí láé, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni tàbí oṣù díẹ̀. Ẹ wá lọ gbalé n'Ékòó, kẹ́ ẹ jẹ́ obìnrin tó ń dá gbé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Owó ọdún kan ni wọ́n ń gbà, òmíì á ní ọdún méjì, owó àgírímẹ́ǹtì, owó ejẹ́ǹtì, owó tí wọ́n ní tí nǹkan bá bàjẹ́. Tówó bá tiẹ̀ pé, ìbéèrè kan ṣì kù lẹ́nu onílé: ọkọ yín dà? Onílé kan gba àbúrò mi tọwọ́tẹsẹ̀, ó ti fi yàrá hàn án, bó ṣe gbọ́ pé kò sí ọkọ ló ní ẹnì kan ti san owó ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òmíì ní òun ò fẹ́ obìnrin tó máa kó ọkùnrin wọlé. Ọkọ mi ló padà lọ dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n tó fún un nílé. Ó dùn mí pé ó gba kí ọkùnrin kan fọwọ́ sí i kí obìnrin tó bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin míì tó ríbi sùn.

Owó yẹn gan-an, ṣé ẹ mọ ibi tó ti wá? Àwọn obìnrin ọjà tí wọ́n jọ ń dájọ kó tó di pé wọ́n tì í ní ṣọ́ọ̀bù. Mo lọ bá ìyá tó ń gba àjọ wọn, mo ṣàlàyé. Ìyá yẹn ò bi mí ní ìbéèrè méjì. Ó ní kó wá dara pọ̀ mọ́ wọn padà, kó kọ́kọ́ kó, kó wá máa dá a bọ̀ díẹ̀díẹ̀, òun ló máa dúró fún un. Ẹnì kan fún un ní bẹ́ẹ̀lì aṣọ ọmọdé kó máa tà á san. Wọ́n ò kọ orúkọ wọn sí ibì kankan gẹ́gẹ́ bí àjọ tó ń ran obìnrin lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èmi ò rí ẹni tó ṣe ju wọn lọ. Tí ìjọba bá ń wá ibi tí wọ́n máa ná owó sí, kí wọ́n wá wo bí wọ́n ṣe máa ti irú àwọn ẹgbẹ́ yìí lẹ́yìn, torí obìnrin tó bá ní owó ọwọ́ ẹ̀ kì í padà lọ fa ẹjọ́ kúrò.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àwọn ọmọ, torí a máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé ìyá nìkan ni wọ́n lù. Ọmọkùnrin àbúrò mi ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìró mọ́tò mọ irú alẹ́ tó ń bọ̀. Tí bàbá ẹ̀ bá tẹ búrékì bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ tínú bá ń bí i, ọmọ ọdún mẹ́jọ á ti kó àwọn àbúrò ẹ̀ wọ yàrá, á tan rédíò, á ní kí wọ́n máa kọrin. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, tí mọ́tò bá ti yà wọ àdúgbò wa báyìí, á dìde dúró. Èyí obìnrin tẹ̀ lé e, ó ti pẹ́ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá míì á na irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ dákun ẹ má nà án, ẹ̀rù ló ń tọ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá àwọn ọmọ sọ níbi tí àjọ yẹn júwe fún wa, tí wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n ṣeré tí wọ́n sì ń rọra bi wọ́n léèrè nǹkan, mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin yìí ti kọ́kọ́ sọ pé òun ló jẹ̀bi, torí ọjọ́ tóun fọ́ fóònù Dádì ni Dádì lu Mọ́mì. Ó ti ń gbé ẹrù yẹn kiri láti nǹkan bí ọdún kan, kò sì sẹ́nì kan nínú wa tó mọ̀.

Ilé ìwé náà ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Ilé ìwé tuntun máa bèèrè ìwé láti ilé ìwé àtijọ́, ilé ìwé àtijọ́ sì mọ bàbá, bàbá ló ń san owó, wọ́n lè fi tinútinú sọ fún un pé àwọn ọmọ yín ti lọ síbi báyìí o. Bí obìnrin tó ti sá pamọ́ ṣe máa ń di rírí nìyẹn. Sọ́ṣíà wọ́kà ló kọ̀wé sí hẹ́dìmásítà, tí wọ́n fi gbà wọ́n láìdúró de ìwé yẹn. Èkó ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti 2007, ní 2016 ìjọba tún gbé ìlànà jáde lórí ààbò àwọn ọmọ ní ilé ìwé àti ibi gbogbo tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọdé, kí tíṣà tó bá fura máa sọ ọ́. Tíṣà lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa rí i. Ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì lójoojúmọ́ lè jẹ́ ọmọ tí kò rí oorun sùn lóru torí ariwo.

Gbogbo wa la rántí Osinachi Nwachukwu, akọrin ẹ̀mí tó kú ní oṣù kẹrin 2022 l'Ábùjá. Ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2025 ni ilé ẹjọ́ gíga ibẹ̀ dájọ́ ikú fún ọkọ ẹ̀ lórí ikú ẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀ sì wà lára àwọn tó wá jẹ́rìí ní kóòtù. Ohun tí mo máa ń rò nìyẹn. Ọmọ tó lè dúró ní kóòtù sọ ohun tójú ẹ̀ rí lẹ́yìn tí ìyá ti kú, ó ti rí i nígbà tí ìyá ṣì wà láyé. Ta ló bi í nígbà yẹn?

Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíì. Èkìtì ti ṣe òfin tiẹ̀ láti 2011, wọ́n tún un ṣe ní 2019, Erelu Bisi Fayemi, ìyàwó gómìnà ìgbà yẹn, wà lára àwọn tó ja ìjà yẹn gan-an. Òfin àpapọ̀ tó ń jẹ́ VAPP, tó ń gbógun ti ìwà ipá sí èèyàn, 2015 ni wọ́n fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n Àbújá nìkan ló dè, àfi kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbé e wọlé fúnra ẹ̀. Nínú ìwé òfin Penal Code ti apá Àríwá, abala 55 ṣì wà tó gba ọkọ láyè láti fi lílù tọ́ ìyàwó ẹ̀ sọ́nà níbi tí àṣà bá ti gbà á, tí kò bá ṣáà ti ṣe é léṣe tó le. Ní oṣù kẹfà 2020, lẹ́yìn kónílégbélé Kòrónà, àwọn gómìnà 36 kéde pé ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ àti ìwà ipá sí obìnrin ti di pàjáwìrì. Ìkéde dáa. Ṣùgbọ́n obìnrin tó wà ní Ṣakí tàbí Òkìtìpupa ò lè sùn sínú ìkéde, ìrìn wákàtí mélòó kan ló ṣì ń rìn kó tó débi tí wọ́n á ti gbà á.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní ìlú òyìnbó náà ò bọ́ níbẹ̀. Mo mọ àwọn tí ọkọ ń fi físà dẹ́rù bà ní London, pé tó bá pe ọlọ́pàá wọ́n á dá a padà sí Nàìjíríà. Ẹni tó bá jẹ́ pé orí ọkọ tó jẹ́ ọmọ ìlú ibẹ̀ tàbí tó ti gba ìwé ìgbélùú títí láé ni físà ẹ̀ dúró lé, òfin ibẹ̀ fàyè sílẹ̀ fún un láti tọrọ ìwé tiẹ̀ tó bá jẹ́ ìwà ipá ló fọ́ ilé yẹn, kó pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ ìwà ipá abẹ́lé tiwọn, 0808 2000 247, tọ̀sán tòru ni wọ́n ń gbé e, ọ̀fẹ́ ni. Òfin tí wọ́n sì ṣe níbẹ̀ ní 2021 sọ ọ́ gbangba pé ọmọ tó rí i tàbí tó gbọ́ ọ, wọ́n ti ṣe òun náà ní ibi. Mo fẹ́ràn òfin yẹn gan-an, ó wù mí káwa náà ní in.

Tẹ́ ẹ bá ní ẹnì kan tẹ́ ẹ ń fura sí, ẹ má fi ipá sọ pé kó kúrò lónìí. Ẹ bi í pé kí ló fẹ́ kẹ́ ẹ bá òun tọ́jú. Ìwé ẹ̀rí ìbí àwọn ọmọ, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, sáàtífíkéètì ẹ̀, ìwé báǹkì, ó lè máa fi fótò wọn ránṣẹ́ sí yín kó sì pa á rẹ́ lórí fóònù ẹ̀, tàbí kó máa gbé wọn wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ mọ ọ̀rọ̀ kan tó máa sọ tí ẹ máa fi mọ̀ pé ó ti di pé kẹ́ ẹ pe ọlọ́pàá. Ẹ má fi nọ́ńbà DSVA sí orúkọ ẹ̀ gan-an lórí fóònù ẹ̀, ẹ fi orúkọ télọ̀ sí i. Nọ́ńbà yẹn ni 0800 033 3333, ọ̀fẹ́ ni, tó bá jẹ́ pé wọ́n ń lù ú lọ́wọ́ báyìí, 112 tàbí 767 ni kẹ́ ẹ pè n'Ékòó. Tó bá padà sílé lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti wàhálà lé e lórí, ẹ má bínú sí i, ẹ má sọ pé ó tán nìyẹn. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń lọ tó ń bọ̀ kí wọ́n tó lọ tán. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ilẹ̀kùn yín ṣì wà bó ṣe wà.

Ti àbúrò mi, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni wọ́n ṣe, torí ẹ̀ kóòtù kọ́sítọ́márì la gbé e lọ. Àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ti ṣí padà, kò tóbi tó ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ àti owó ilé ìwé tí bàbá wọn máa mú wá ló kù, wọ́n ti sún ọjọ́ ẹ̀ síwájú, torí ọkọ ò yọjú. Oṣù tó ń bọ̀ la tún ń lọ. Ọjọ́ náà máa bọ́ sí ọjọ́ táwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò, torí náà ìyá àjọ ló máa lọ kó wọn nílé ìwé, èmi ni mo máa bá a lọ sí kóòtù.